Igi Eléso Inú Ìkòkò: Yíyàn àti Títọ́jú Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Àkókó

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn. Igi ni a mọ̀ sí ohun inú oko. Ìkòkò ni a mọ̀ sí ohun inú ilé ìdáná. Kí ni ó wá pa àwọn méjèèjì pọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ igi yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàrin àwa Yorùbá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọ Ọ̀bà, tí ó gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, tàbí tí ó yà sí Ọ̀kà, yóò ti rí àwọn àpáta ńláńlá tí ó yí wa ká. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa sá gùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí ogun Tápà ń dà wọ́n láàmú. Bí a bá tẹjú mọ́ ara àpáta wọ̀nyí, a ó rí i pé igi a máa hù ní ibi tí àpáta ti sán. Irú igi kan náà tí ó ga ju òrùlé lọ ní ìsàlẹ̀ òkè, a lè bá a lókè níbẹ̀ kí ó má ju ìbàdí ọmọdé lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì hù. Irúgbìn wọn kò yàtọ̀. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn ni kò dọ́gba. Ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ mélòó kan ni èyí tí ó wà lára àpáta rí, omi tí ó sì bá rọ̀ sí i kì í pẹ́ gbẹ.

Ìkòkò ni ihò àpáta yẹn. Bí a bá gbin igi sínú ìkòkò, igi náà yóò kéré, a fẹ́ a kọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni kíkéré pín sí, ibẹ̀ sì ni gbogbo àlàyé wa lónìí dúró lé. Igi kan wà tí ebi ni ó sọ ọ́ di kékeré. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ìran rẹ̀, tàbí ọ̀nà tí a gbà pèsè rẹ̀, ni ó mú un kéré. Ti ìṣáájú lè pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n kì í sábà so. Èkejì a máa so dáadáa bí a bá ń bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbin igi sínú ìkòkò tí wọ́n sì ń ráhùn pé kò so, igi ńlá ni wọ́n mú, tí wọ́n wá ṣe ihò àpáta fún un.

Igi, ilẹ̀ àti ayálégbé

Ẹnìkan lè bi wá pé, níwọ̀n ìgbà tí oko kò jìnnà sí ilé ní Àkókó, kí ni a ń fi igi inú ìkòkò ṣe? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a rántí bí àṣà wa ti rí nípa ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ àti igi orí rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi. Bí ẹbí kan bá fún àlejò ní ilẹ̀ kí ó fi dá oko, kò sí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí ilá, nítorí pé ohun tí ó ń kúrò nílẹ̀ láàrin ọdún kan tàbí méjì ni ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ti kòkó, obì, ọ̀pẹ àti ọsàn yàtọ̀. Igi tí ó lè lo ogójì ọdún yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó fúnni ní ilẹ̀ bá ti kú, ọmọ ẹni tí ó gbìn ín yóò sì máa wí pé, "Baba mi ni ó gbin èyí." Láti orí igi ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onílẹ̀ ṣe máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó má gbin igi. Bí wọ́n bá sì gbà fún un, ìṣákọ́lẹ̀ ni yóò máa san, kí ó lè máa hàn pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. P. C. Lloyd ṣe àlàyé irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú ìwé tí ó kọ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1962. Òfin ti ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn onílé padà nípa ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ayálégbé ni àlejò ti òde òní. Láti ọdún 1999 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti pinnu láti gbé yunifásítì rẹ̀ wá sí Àkùngbá, ilé tí a ń yá gbé ti pọ̀ sí i ní agbègbè wa, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé inú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo àgbàlá wọn láti ẹnu géètì títí dé ìdí kànga. (Ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú pé kí á fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀ ilé kí ẹsẹ̀ má baà dọ̀tí, a kò mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n òun ni ó lé igi jáde kúrò nínú agbo ilé wa.)

Èmi fúnra mi ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré, yàrá méjì ni mo yá lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan. Ní ọjọ́ kan, mo gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, mo gbin ọsàn wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Bàbá jáde sí mi.

"Tíṣà, kí lẹ ń gbìn síbẹ̀ yẹn?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, bàbá."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi hú u. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ gbìn. Ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ náà ló gbìn. Ẹni tó bá gbin ọsàn ti fẹ́ di ọmọ onílé."

Bàbá kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹjọ́ igi obì kan ni ó gba owó baba òun tán. Mo hú ọsàn náà, mo sì fi í sínú garawa kan tí ìdí rẹ̀ ti jò. Kí n má purọ́, ìbínú ni ó pọ̀ nínú ohun tí mo ṣe yẹn ju ọgbọ́n lọ. Nígbà tí bàbá rí i lórí sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín ni ó rín. Ó ní ìyẹn lè dúró, nítorí pé kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ ni ó pa ọsàn náà, ẹ̀bi mi sì ni. Ṣùgbọ́n èrò inú ọ̀rọ̀ bàbá kò kúrò lọ́kàn mi: igi tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀, a sì lè gbé e lọ.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ro irú èyí. Ní ilẹ̀ Faransé, láàrin ọdún 1684 sí 1686, Jules Hardouin-Mansart kọ́ ilé ńlá kan sí Versailles fún ọba Louis Kẹrìnlá, kìkì nítorí kí àwọn igi ọsàn tí ó wà nínú àpótí lè rí ibi sá sí nígbà òtútù. Òtútù ni wọ́n ń sá fún. Ní ti àwa, onílé ni. Ọ̀nà kan náà ni ó yọ àwọn méjèèjì.

Èwo ni a ó yàn?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣì igi yàn, ìtọ́jú kò lè tún un ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni bí a ti ṣe pèsè igi náà. Ọsàn mímu tí a gbìn láti inú kóró lè lo ọdún mẹ́fà, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so, ẹ̀gún rẹ̀ yóò sì pọ̀. Èyí tí a lọ́ lè so láàrin ọdún méjì sí mẹ́rin. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì Yorùbá ni ó mọ ọ̀rọ̀ yìí, "lílọ́", láti orí kọkànlá ìwé Róòmù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ igi ólífì. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a ó mú èéhù tàbí ẹ̀ka kékeré lára igi tí ó ti ń so, a ó sì so ó mọ́ ara ọmọ igi mìíràn tí ó ní gbòǹgbò, títí tí ara àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ìdí tí irú igi bẹ́ẹ̀ fi ń tètè so ni pé ẹ̀ka tí a mú wá ti dàgbà ná. Kò tún ní ṣe ìgbà èwe mọ́. Ìsàlẹ̀ ni ọmọdé, òkè ni àgbà. Ìwà ìsàlẹ̀ yìí sì ni ó máa ń pinnu bí igi yóò ti ga tó. Ní East Malling ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣa oríṣiríṣi ìdí igi ápù jọ tí wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ fi lè mọ̀ ṣáájú bí igi rẹ̀ yóò ti tóbi mọ. Fún ọsàn, ìdí kan wà tí wọ́n ń pè ní Flying Dragon, ẹlẹ́gùn-ún kíká ni, tí kì í jẹ́ kí igi tí a lọ́ sí i lára ga. Ìdí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nílé ni ti ọsàn kíkan eléèpo rírún, alágbára ni. Ìkòkò ni yóò bá wa dá a dúró.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra igi, kí a wo ìdí rẹ̀. Àpá lílọ́ gbọ́dọ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ìkókó ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan tàbí méjì sókè ilẹ̀. Bí a kò bá rí i, láti inú kóró ni ó ti hù, ohunkóhun tí olùtà ìbáà sọ. Kí a má ṣe bo àpá náà mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń gbìn ín, kí a sì máa ja gbogbo èéhù tí ó bá yọ lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé igi ìdí ni ó fẹ́ gba ipò padà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975 tí gbogbo ayé mọ̀ sí NIHORT, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọsàn. Ọmọ igi tí orísun rẹ̀ bá dájú sàn ju ti ẹ̀bá títì lọ.

Ní tèmi, igi mẹ́ta ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ fún ará Àkókó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni àkọ́kọ́. Kódà bí kò bá sí èyí tí a lọ́, kóró rẹ̀ ṣì wúlò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ń hù láti inú kóró ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó ń jọ ìyá rẹ̀. A tilẹ̀ lè rí èéhù méjì tàbí mẹ́ta láti inú kóró kan ṣoṣo. Kí a gbin kóró náà ní tútù, kí a má sá a. Èkejì ni gúáfà. Ara ẹ̀ka titun ni gúáfà ti ń yọ òdòdó, nítorí náà bí a ti ń gé e kí ó má baà ga ni a ń pè é kí ó so. Igi tí gígé kì í bí nínú ni igi inú ìkòkò.

Ẹ̀kẹta ni àgbáyun, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé a ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Synsepalum dulcificum. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni ilé rẹ̀. Igi kékeré ni láti ìran rẹ̀ wá: nínú igbó, ó lè ga tó mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ṣùgbọ́n kò kánjú, nínú ìkòkò, ó lè wà fún ọdún púpọ̀ kí ó má ga ju ọmọdé lọ. Èso rẹ̀ pupa, kò tóbi ju orí ìka lọ, kóró kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Èso náà fúnra rẹ̀ kò dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí i lẹ́nu, tí ó wá fá ọsàn wẹ́wẹ́ lá lẹ́yìn náà, yóò rí i pé kíkan rẹ̀ ti di adùn. Chevalier des Marchais, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1725. Àwọn ará etíkun wa ń jẹ ẹ́ nígbà náà kí oúnjẹ àti ẹmu tí ó ti kan lè rọ̀ wọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní miraculin. Purotéènì ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ ohun dídùn, kò sì ní ṣe nǹkan kan títí tí ohun kíkan yóò fi kàn án. Nígbà náà ni yóò ta ahọ́n jí. Agbára rẹ̀ lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè ju wákàtí kan lọ.

Fún ìdí yìí, bí ó bá jẹ́ pé ìkòkò méjì péré ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbà, àgbáyun àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àgbáyun kò kọ ìbòòji díẹ̀, nítorí náà kí ó wà nínú. Ọsàn fẹ́ oòrùn, kí ó wà lóde. Kóró àgbáyun kì í pẹ́ kú: ọjọ́ tí a bá jẹ èso ni kí a gbin kóró. Yóò tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so, a kò gbọ́dọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ nípa èyí.

Àwọn tí ó yẹ kí a yẹra fún ńkọ́? Àgbálùmọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ènìyàn nítorí adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n igi ńlá inú igbó ni. Nínú ìkòkò, ihò àpáta ni a gbé e sí. Píà náà bẹ́ẹ̀. Máńgòrò kóró kò dára. Bí a bá rí irú èyí tí a lọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Julie, tí kì í dàgbà kánkán, a lè dán an wò nínú ìkòkò ńlá. Ìbẹ́pẹ ń yára so, ṣùgbọ́n akọ wà nínú rẹ̀, a kì í sì í mọ akọ àfi ìgbà tí ó bá yọ òdòdó. Kóró ápù tí àwọn ọmọ ń kó bọ ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán yóò hù, kò sì ní so, nítorí pé ápù fẹ́ òtútù tí Àkókó kò ní.

Ilé tí igi ń gbé

Ìkòkò amọ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìlọrin tàbí ní Ìṣàn-Èkìtì, dára púpọ̀, nítorí pé ó ń mí, ara rẹ̀ sì máa ń tutù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fọ́, omi inú rẹ̀ sì ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́. Búkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 àti kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a gé lórí wà nílé gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa mú ara rọ́bà gbóná débi pé gbòǹgbò tí ó fara kàn án yóò jóná. Kí a fi aṣọ àpò wé e, tàbí kí a kùn ún ní funfun. Àgbá onílítà 200 tí a gé sí méjì yóò gba igi tí ó dàgbà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tútù bá kún inú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ni yóò gbé e. Ayálégbé tí ó gbin igi sínú rẹ̀ ti tún padà di onílẹ̀. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lítà 20, kí ó má sì kọjá lítà 40 tàbí 50, èyí tí ènìyàn méjì lè gbé. Àgbá tí ó ti gba oògùn kòkòrò rí, kí a má fọwọ́ kàn án.

Kí a dá ihò sí ìdí ìkòkò, mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìka lè wọ̀ ọ́. Ibí ni mo ti fẹ́ tako ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Wọ́n ní kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jáde dáadáa. Òkúta kò sì wọ́n wa ní Àkókó, a sì ń dà á. Kò ṣe iṣẹ́ tí a rò. Omi kì í fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sí àárin òkúta àfi bí ilẹ̀ náà bá ti mu ún yó pátápátá. Ẹ mú kànrìnkàn oní-fóòmù tí a fi ń fọ abọ́, ẹ rì í sínú omi, kí ẹ sì gbé e dání ní ìbú títí tí kò fi kán mọ́. Ẹ wá nà án ró ní òòró: omi yóò tún ṣàn jáde. Bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá ti jìn tó ni ó ń ro omi rẹ̀ dànù tó. Òkúta tí a dà sí ìsàlẹ̀ dín jíjìn náà kù. Ó gbé ẹrẹ̀ sókè wá bá gbòǹgbò. Àfọ́kù ìkòkò kan lórí ihò kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ilẹ̀ tí a ó kó sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ilẹ̀ nìkan, nítorí pé ilẹ̀ nìkan a máa dì bí bíríkì. Ilẹ̀ dúdú ìdajì, iyanrìn odò ìdá mẹ́rin, àti ìgbẹ́ adìyẹ tàbí èèpo kòkó tí ó ti jẹrà tán ìdá mẹ́rin: èyí ni ó ti bá mi lára mu. Fún àgbáyun, kí a fi ewé jíjẹrà dípò ìgbẹ́ àti èèpo kòkó, nítorí pé ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀ ni ó fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da eérú sí i, pàápàá eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má gbìn ín sínú ìkòkò tí a fi sìmẹ́ńtì mọ. Ewé rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí a gbé ìkòkò ka orí bulọ́ọ̀kù méjì. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Afẹ́fẹ́ yóò máa gba abẹ́ rẹ̀, èèrà kò ní ráyè kọ́lé sínú rẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní rí ọ̀nà gba inú ihò wọ ilẹ̀ lọ.

Omi, oúnjẹ àti ọ̀tá

Nígbà tí mo gbin ọsàn mi àkọ́kọ́ sínú garawa, mo rò pé igi ni, yóò wá omi fún ara rẹ̀. Igi oko a máa wá omi. Ó ń na gbòǹgbò lọ sí ibi tí ó wà. Igi inú ìkòkò kò ní ibi tí yóò nà án sí. Ẹni tí ó gbìn ín ni òjò rẹ̀, òun náà ni odò rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí ètè wa ń là, ìkòkò onílítà 20 lè mu omi lójoojúmọ́. Kí a ki ìka bọ ilẹ̀ náà títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá gbẹ níbẹ̀, kí a bomi sí i títí tí yóò fi jáde ní ìdí. Omi díẹ̀díẹ̀ tí kò dé ìsàlẹ̀ ni ó ń pa igi. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ìka kan náà ni kí a fi wò ó bóyá ihò ti dí, nítorí pé gbòǹgbò ń mí bí a ti ń mí. Ewé gbígbẹ tí a fi bo ojú ilẹ̀ ìkòkò yóò dín ìyọnu omi kù, èyí kò sì kéré ní ibi tí kànga ti ń bá àpáta pàdé. A kò sì gbọdọ̀ fi àwo sábẹ́ ìkòkò kí omi dúró sínú rẹ̀. Ẹ̀fọn ni a ó fi sìn.

Ọgbọ́n kan wà lórí omi tí àwọn olóko ọsàn kíkan ní Sísílì ní ilẹ̀ Ítálì ti ń lò tipẹ́. Wọn a dáwọ́ omi dúró títí tí ewé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká, wọn a sì wá bomi rin ín dáadáa. Igi náà a tanná, wọn a rí èso ní ìgbà tí ti àwọn ẹlòmíràn kò sí. Verdelli ni wọ́n ń pe irú èso bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ nínú ìkòkò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju ẹni tí tirẹ̀ wà nínú oko lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè dá òjò dúró lórí oko. Ṣùgbọ́n kí igi náà ti dàgbà, kí ara rẹ̀ sì yá, kí a tó fi ìyà yìí jẹ ẹ́.

Omi tí ń ṣàn jáde ní ìdí ìkòkò a máa gbé oúnjẹ lọ. Ajílẹ̀ 15-15-15, ṣíbí ìmutíì kan lóṣù fún ìkòkò onílítà 20, tó fún ọsàn àti gúáfà nígbà òjò. Àgbáyun kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, kí a fa igi náà yọ, kí a fi ọ̀bẹ mímú gé gbòǹgbò tí ó ti ń yí ara rẹ̀ po yíká ìkòkò, kí a gé ẹ̀ka díẹ̀ lókè kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè dọ́gba, kí a sì dá a padà pẹ̀lú ilẹ̀ titun. Ẹ̀rù a máa ba ènìyàn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù fún un.

Ní ti ọ̀tá, kòkòrò kan wà lára ewé ọsàn tí ó rí gẹ́lẹ́ bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Labalábá ńlá dúdú òun ìyẹ̀yẹ̀ ni yóò dà, ṣùgbọ́n yóò ti jẹ ewé tán kí ó tó fò. Ọwọ́ ni kí a fi ṣà á. Àwọn kéékèèké funfun bí òwú tí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, èèrà ni ó ń sìn wọ́n nítorí omi dídùn tí wọ́n ń sun. Ẹni tí ó bá lé èèrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn. Ewúrẹ́ ni ó burú jù nínú gbogbo wọn, a kò sì mọ oògùn rẹ̀ ju ibi gíga lọ.

Ọjọ́ tí a ó kó lọ

Bí ọjọ́ à ń kó kúrò nílé bá kù bí ọjọ́ méjì, kí a dáwọ́ omi dúró kí ìkòkò lè fúyẹ́. Kí a gé ẹ̀ka tí ó gùn jù, kí a fi okùn rírọ̀ di ìyókù mọ́ ara, kí a sì fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò wà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà lè gbẹ ewé dànù kí a tó ti Ọ̀bà dé Ìkàrẹ́. Nígbà tí a bá dé, kí ó wà ní ìbòòji fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí a tó gbé e sínú oòrùn. Bí ó bá gbọn ewé díẹ̀, kí a má bẹ̀rù, kí a má sì torí rẹ̀ da ajílẹ̀ sí i.

Nígbà tí èmi máa kúrò ní ilé bàbá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìkòkò mẹ́ta ni mo ní: ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo tún gbìn, àgbáyun kan, àti gúáfà kan tí mo gbé sí ẹ̀yìn ilé níbi tí sìmẹ́ńtì kò dé, tí n kò sì rántí fi bulọ́ọ̀kù sí abẹ́ rẹ̀. Méjì wọ ọkọ̀. A gbé ẹ̀kẹta, kò gbé. Gbòǹgbò rẹ̀ ti gba inú ihò jáde, ó ti nípọn bí ọwọ́, ó sì ti wọ ilẹ̀ lọ. Mo ní kí ọmọkùnrin tí ó bá mi kó ẹrù lọ mú àdá wá. Bàbá ti dúró tì wá láti ìgbà yẹn.

"Tíṣà," ni ó wí, "èyí ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ fún un. Ìkòkò náà ti fọ́ kúrò ní ìdí rẹ̀ báyìí, igi náà sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ kò fi lè dé ẹ̀ka rẹ̀ mọ́.